Wọ́n ní kí n bá wọn dán áàpù wò kó tó jáde: ẹ̀yin tí ẹ ń lo screen reader, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníṣòwò Bódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbí ń ṣe áàpù tí àwa tí à ń ta oúnjẹ yóò máa fi gba owó, tí a ó sì máa fi kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé mo ń ta ẹ̀wà àti gàrí, pé n kò sì ríran, ni wọ́n bá ní kí n wá bá àwọn dán an wò kí wọ́n tó gbé e síta. Inú mi dùn sí i gan-an, torí ìgbà tí nǹkan bá ti jáde tán ni wọ́n sábà máa ń rántí irú wa.

TalkBack, screen reader tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè, ni mo ń lò lórí fóònù Android mi. Fóònù kan ṣoṣo tí mo ní náà nìyẹn, orí rẹ̀ ni áàpù báǹkì mi wà. Mo tún ní láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tó ní NVDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lórí kọ̀ǹpútà, torí wọ́n ní àwọn máa ṣe èyí tí a ó máa ṣí nínú Chrome pẹ̀lú. Ṣé kò léwu kí n gbé e sórí fóònù tí owó mi wà? Kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Báwo ni mo ṣe máa ròyìn ohun tí mo bá bá pàdé tí yóò fi yé wọn? Mo mọ fóònù lò dáadáa, àmọ́ n kò mọ nǹkan kan nípa kóòdù.

Àgbà NVDA

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ewu lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ló ká mi lára jù.

Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí áàpù náà máa gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ pé líǹkì Play Store ni wọ́n fi pè yín wọ inú ìdánwò, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ tó bá sú yín, ẹ padà sí ojú ewé náà, ẹ jáde kúrò nínú ìdánwò, kí ẹ sì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù. Àmọ́ bó bá jẹ́ fáìlì APK (èyí tí a fi ń gbé áàpù sórí fóònù láìgba Play Store) ni wọ́n fi ṣọwọ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ fura. Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fún un láéláé, ìyẹn ni àṣẹ Accessibility. Àṣẹ yẹn ni TalkBack fi ń ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù, òun náà ló sì fi ń bá wa tẹ bọ́tìnì. Áàpù tó bá rí i gbà lè mọ iye tó wà ní báǹkì yín, ó sì lè tẹ ohun tí ẹ kò rán an. Ọ̀nà tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń gbà wọlé nìyẹn. Láti Android 13 ni Google ti ń dí ọ̀nà náà mọ́ áàpù tí kò gba Play Store wọlé. Fóònù á kàn sọ fún yín pé “Restricted setting” ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Jieshuo, screen reader Android mìíràn, ti mọ ìdíwọ́ yẹn. Screen reader nílò àṣẹ náà lóòótọ́. Áàpù tí a fi ń ta ẹ̀wà kò nílò rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ ṣí i fún òun, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ẹ má fi owó gidi dánwò. Paystack àti Flutterwave, tí àwọn áàpù fi ń gba owó, ní ipò ìdánwò tí owó kankan kì í ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kankan, wọ́n sì ní nọ́ńbà káàdì tí a fi ń dán an wò. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìyẹn fún yín. Bí ẹ bá sì lè yá fóònù àlòkù kan lọ́wọ́ ẹbí, ó dára ju kí ẹ lo tiyín lọ.

Ti láptọ́ọ̀pù: ẹ ṣe ẹ̀dà NVDA kejì tó jẹ́ portable, tó ń dá dúró nínú fòódà tirẹ̀. Ẹ tẹ NVDA+N (Insert ló sábà máa ń jẹ́ bọ́tìnì NVDA), ẹ lọ sí Tools, ẹ wá Create portable copy, kí ẹ fi sínú fòódà kan tàbí sórí flash. Níbi tó ti béèrè bóyá kó kó ètò yín lọ síbẹ̀, ẹ má fàmì sí i. Ìdí ni pé àwọn add-on, ìyẹn àfikún NVDA, tí a ti kó jọ máa ń tún ojú ewé ṣe fún wa láìsọ fún wa, ohun tí kò dára á wá dà bíi pé ó dára. Bí ẹ̀dà ìdánwò bá dákẹ́ lójijì, Ctrl+Alt+N ni ẹ fi máa jí NVDA tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tún bi wọ́n pé ipele wo ni iṣẹ́ dé. Alpha lè dákẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbàkígbà. Beta ti ní gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fi sí i, àtúnṣe ló kù. Èyí tí wọ́n bá pè ní rc, bó ṣe wà yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé e jáde, àfi tí ẹnìkan bá rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ìgbà alpha ni ọ̀rọ̀ yín níyì jù, torí wọn kò tíì mọ odi yíká ohunkóhun.

Oníkóòdù Yábàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Èmi ríran, kóòdù ni mo ń kọ jẹun, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ìròyìn yín ṣe ń rí létí ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe.

Bí ẹ bá kọ̀wé sí mi pé “áàpù yín kò bá TalkBack ṣiṣẹ́”, mo gbà yín gbọ́, ó sì dùn mí, àmọ́ n kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo nílò ni kí n lè ṣe ohun tí ẹ ṣe gẹ́lẹ́, kí n sì gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́. Irú èyí ni:

“Ẹ̀dà áàpù: 0.4, build 31. Android 13. TalkBack ni mo lò, kò sí screen reader mìíràn lórí fóònù.
Ohun tí mo ṣe: Mo ṣí áàpù. Mo fa ìka sí ọ̀tún títí mo fi dé ‘Ọjà tuntun’, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ‘Ẹ̀wà olóyin’ sínú àpótí àkọ́kọ́. Mo fa ìka sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ohun tí mo gbọ́: ‘Unlabelled, button’.
Ohun tí mo retí: ‘Fi pamọ́, bọ́tìnì’.
Gbogbo ìgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pa fóònù, mo tún un tàn, kò yàtọ̀.”

Bí mo bá rí èyí láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán mo ti tún un ṣe. Ìlà kóòdù kan ni: contentDescription ni lórí Android lásán, accessibilityLabel ni fún àwọn tó ń lo React Native, Semantics sì ni fún àwọn tó ń lo Flutter. Ẹ kò ní láti mọ ìyẹn o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá bí ẹ bá tètè sọ.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ohun tí TalkBack sọ, ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Nínú mẹ́nù TalkBack ibì kan wà tó ń ṣe àdàkọ gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn, “Copy last spoken phrase”. Lórí NVDA, Speech viewer tó wà nínú Tools ń kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ká fídíò ojú fóònù, ẹ yan máíkì, ẹ má yan ohùn inú fóònù nìkan, torí ohùn TalkBack kì í sábà wọ inú ìyẹn. Ẹ yọ íápíìsì pẹ̀lú. A ti gba ọ̀pọ̀ fídíò tó dákẹ́ rọrọ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́.

Gbogbo ohun tí a lè tẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ nǹkan mẹ́ta: orúkọ rẹ̀, irú ohun tó jẹ́, àti ipò tó wà. Bí TalkBack bá ní “Gba owó” láìsọ pé bọ́tìnì ni, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá fàmì sí “San díẹ̀díẹ̀” tí kò sọ pé àmì ti wọlé, ẹ kọ ọ́. WCAG, ìlànà tí àjọ W3C ń gbé jáde kí ojú ewé ayélujára lè ṣeé lò fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, pe ìyẹn ní 4.1.2. Ẹ̀dà 2.2 ìlànà náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹ fi nọ́ńbà náà sínú ìròyìn yín. Oníkóòdù tó bá ń ṣe iyèméjì á lọ kà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí àkáǹtì Play aládàáni lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Google kò ní gbà kó gbé áàpù síta àfi tí ènìyàn 12 ó kéré tán bá ti wà nínú ìdánwò rẹ̀ fún ọjọ́ 14 láìjáde. Ènìyàn 20 ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù. Ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń bẹ ènìyàn káàkiri nìyẹn. Bí àwọn tó pè yín bá wà nínú ìyẹn, ẹ má jáde láàárín, ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ẹlòmíràn tí kò ríran nínú àwọn 12 náà.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ Yábàá, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ó pẹ́ tí a ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ báyìí.

Àbúrò mi Oníṣòwò, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ojú ìwé tuntun bá ṣí, n kì í tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ń gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ sọ. Bó bá dákẹ́, tí n kò mọ̀ bóyá ó ti ṣí tàbí ó ṣì ń wá nẹ́tíwọọ̀kì, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo máa fa ìka sí ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìtẹ nǹkan kan. Mo ń tẹ́tí sí èyí tí kò lórúkọ, èyí tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti èyí tó wà lábẹ́ tí kò yẹ kí n gbọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó máa ṣe iṣẹ́ gan-an: kọ ọjà, ta ọjà, gba owó, wo ìtàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ áàpù ti ń já wa kulẹ̀ ni ibi àṣìṣe. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àpótí kan sílẹ̀ lófìfo kí ẹ tẹ “Fi ránṣẹ́”. Fún àwọn tó ríran, àpótí náà á di pupa. Àwa ńkọ́? Bí TalkBack kò bá sọ pé “Ẹ kò kọ iye owó”, kí ìka wa sì padà síbi àpótí náà, a ó dúró sójú kan bíi pé fóònù ti kú.

Èkejì ni nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù láti fi wọlé. A ní láti kúrò nínú áàpù, lọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, gbọ́ nọ́ńbà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, rántí rẹ̀, kí a tó padà. Ẹ wò ó bóyá áàpù náà á ti gbàgbé ohun tí ẹ kọ, tàbí bóyá àkókò á ti lọ. Ẹ sì tẹ́tí sí àpótí nọ́ńbà náà: àwọn kan máa ń pín in sí àpótí kéékèèké, kí gbogbo wọn sì máa jẹ́ “edit box” láìsọ èwo ni ìkínní. Bó bá jẹ́ àwòrán ni wọ́n ní kí ẹ wò kí ẹ tó wọlé, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, ẹ dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Ilẹ̀kùn àbáwọlé nìyẹn, kò sí ohun tí a fẹ́ dán wò nínú ilé.

Èyí tó kàn, àwa Yorùbá nìkan ló máa sọ ọ́, torí kò sí ẹni tó máa bá wa sọ ọ́. Ẹ má kọ “Test” sínú àpótí orúkọ. Ẹ kọ orúkọ wa pẹ̀lú àmì: Ẹniọlá, Adébọ́lá, Ìfẹ́dọlápọ̀. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ tó ní àmì lábẹ́ wà ní tirẹ̀, àmì ohùn sì tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Nítorí náà ọfà lè dúró lẹ́ẹ̀mejì lórí lẹ́tà kan, ẹ sì lè fẹ́ pa lẹ́tà rẹ́ kó jẹ́ àmì orí nìkan ló máa lọ. Ohùn mìíràn a ka nọ́ńbà lẹ́tà náà dípò lẹ́tà. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni wíwá ọjà. Kíìbọọ̀dù kan a kọ ẹ ní odindi, òmíràn a kọ e, kó wá fi àmì abẹ́ tẹ̀ lé e. Létí wa ọ̀kan náà ni wọ́n. Áàpù tí kò bá sọ méjèèjì di ọ̀kan á ní kò sí ẹ̀wà nínú ọjà yín, ẹ̀wà sì wà níbẹ̀. NVDA 2024.3 ti fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unicode normalization sínú ohùn àti braille, ó ń ran kíkà lọ́wọ́. Ti wíwá, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe áàpù ló wà.

Olùkọ́ Ọ̀yọ́

Ẹ kú àlàyé, Ìyá Ìbejì. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ní kọ̀ǹpútà, ohun kan wà tí mo máa ń bá wọn jà lé lórí nígbà tí wọ́n bá ń dán nǹkan wò.

Àwa tí a ti pẹ́ nídìí screen reader ti mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú jù. A dé ibi bọ́tìnì tí kò lórúkọ, a mọ̀ pé “Fi ránṣẹ́” ló sábà máa ń wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, a tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ojú ewé dákẹ́, a padà sẹ́yìn, a tún wọlé. A kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé a ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá wá béèrè pé báwo ló ṣe rí, a ó ní ó dára. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìríran dán an wò, ó ní ó dára. Ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ TalkBack á wá gbà á, kò ní lè kọjá ojú ewé àkọ́kọ́, á sì rò pé òun ni kò gbọ́n.

Nítorí náà, mà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá méfò, ẹ kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà sẹ́yìn kí ẹ tó lè tẹ̀síwájú, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá fi ìka wá nǹkan lójú fóònù nítorí pé fífa ìka kò gbé yín débẹ̀, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú. “Mo ṣe é” àti “ó ṣeé ṣe” kì í ṣe ìròyìn kan náà. Kí ẹ sì wá ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láti jókòó tì yín. Ẹ má kọ́ ọ, ẹ kàn máa gbọ́ ibi tó ti dúró.

Bí àwọn ọ̀dọ́ náà bá ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn ti lè rí irú wa sí i, Pacelli, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláìríran, ti wà ní Sùúrùlérè ní Èkó láti ọdún 1962. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe wà níbí ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Ẹgbẹ́ Nigeria Association of the Blind náà wà. Kí wọ́n wá, wọn yóò rí ènìyàn.

Ọmọ Ọ̀ṣun ní London

Kí ẹ má gbàgbé ti iPhone. Bí ó bá ṣiṣẹ́ lórí TalkBack, ìyẹn kò sọ pé ó ṣiṣẹ́ lórí VoiceOver, screen reader ti iPhone, àní bó tilẹ̀ jẹ́ kóòdù kan náà ni wọ́n fi kọ méjèèjì. TestFlight ni Apple fi ń pín áàpù ìdánwò. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń kú lẹ́yìn ọjọ́ 90, torí náà ẹ má fi ìròyìn pamọ́ de ọ̀la. Láti inú TestFlight náà ni ẹ ti lè fi èsì ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi ìka mẹ́ta tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, VoiceOver á ṣe àdàkọ ohun tó sọ kẹ́yìn.

Kí ẹ tó ya àwòrán ojú fóònù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ ti àwọn ìfitónilétí pa. Ẹ kò lè rí ohun tó wà lókè àwòrán náà, àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì lè wà níbẹ̀.

Adúróṣinṣin

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin àgbà, inú mi kò dùn sí gbogbo èyí. Kí ló dé tí a fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ pa owó? Ẹni tó bá wọn ya àwòrán, wọ́n san owó fún un. Ẹni tó bá wọn kọ kóòdù, wọ́n san fún un. Àwa nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún pé “ẹ kú ìrànlọ́wọ́”. Òfin sì wà. Òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, dá owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà fún ilé iṣẹ́ tó bá ṣe ìyàsọ́tọ̀. Kí wọ́n ṣe é dáadáa, ojúṣe wọn ni.

Àgbà NVDA

Àbúrò, mo gbọ́ ọ, o sì lẹ́jọ́ láti wí. Àmọ́ má ṣe fi òṣùwọ̀n kan wọn nǹkan méjì. Michael Curran tí kò ríran ló bẹ̀rẹ̀ NVDA ní Ọsirélíà ní ọdún 2006, James Teh tí òun náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Títí di òní, a kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí mo bá lo wákàtí mẹ́ta lórí ẹ̀dà beta NVDA, iṣẹ́ ilé baba mi ni mo ń ṣe. Mo ń dáhùn gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù wọn: ṣé ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ṣé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀dà mìíràn, ṣé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí mo bá pa add-on. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń ṣe é. NVDA+Q náà ní ibi tí a ti lè tún un ṣí láìsí add-on, tàbí kó máa kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. NVDA+F1 la fi ń ka àkọsílẹ̀ náà.

Ilé iṣẹ́ tó ń pa owó, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Kí Àǹtí béèrè owó dátà ní ọjọ́ kìíní, kí ó sì béèrè owó iṣẹ́ bí ó bá ti kọjá pé kó kàn wò ó fẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ti òfin, n kò ní fi dẹ́rù ba ọ̀dọ́ tó fúnra rẹ̀ wá pè wá kó tó mọ ilé rẹ̀ tán. Àwọn tí kò pe ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ fi òfin bá sọ̀rọ̀.

Adúróṣinṣin

Mo gba ti owó dátà àti kíkọ ọ́ sílẹ̀. Ti òfin, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, sà.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Kí n tó gbàgbé: bí áàpù kan bá ń fi AI sọ ohun tó wà nínú àwòrán, bíi Be My AI tí àwọn Be My Eyes bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò pẹ̀lú àwa aláìríran ní 2023, ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Agolo tí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, owó tí ẹnìkan ti kà fún yín. Ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ má fi oògùn dán an wò láìsí ẹni tó ríran nítòsí.

Oníṣòwò Bódìjà

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Líǹkì Play Store ni wọ́n fi pè mí, wọ́n sì gbà láti máa san owó dátà. Fóònù àlòkù àbúrò mi ni mo lò.

Ohun tó tóbi jù tí mo bá pàdé ni ojú ewé iye ọjà. Bí mo ṣe ń fa ìka, ohun tí mo gbọ́ nìyí: “Gàrí. Ẹ̀wà. Ìrẹsì. Èlùbọ́. 1,200. 2,400. 2,000. 1,500.” Gbogbo orúkọ lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo owó lẹ́yìn. Kí n tó dé orí owó ẹ̀wà, mo ti gbàgbé ipò tó wà. Mo kọ ọ́ bí Ọmọ Yábàá ṣe kọ́ wa, mo sì fi ohun tí mo retí sí i: “Gàrí, 1,200. Ẹ̀wà, 2,400.” Wọ́n ní lójú àwọn, orúkọ wà lápá òsì, owó wà lápá ọ̀tún, ó gún régé. Mo bá ní kí ọ̀gá wọn tan TalkBack, kó yan “Hide screen” nínú mẹ́nù kí ojú fóònù ṣókùnkùn, kó wá bá mi ta kóńgò ẹ̀wà kan. Kò rí i tà. Kò bá mi jiyàn mọ́, ó ní kí wọ́n tún ojú ewé náà ṣe.

Wọ́n fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ lánàá. Orúkọ àti owó ti ń lọ pọ̀ báyìí. Àmọ́ bọ́tìnì “Tà” tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?

Oníkóòdù Yábàá

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn mà. Ó jọ pé wọ́n so gbogbo ìlà ọjà kan pọ̀ kó lè jẹ́ ohun kan létí TalkBack, wọ́n sì so bọ́tìnì náà mọ́ ọn. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi lè yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe ni kí ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ sí, kì í ṣe èyí tó bàjẹ́ nìkan. Bí ẹ̀dà tuntun bá dé, ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kọjá, kí ẹ tó wo ohun tuntun. Kí ẹ máa fi nọ́ńbà build sí ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ má sì kó àṣìṣe mẹ́wàá sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, kí èyí tó burú jù wà níwájú. Èyí tó burú jù ni èyí tí kò jẹ́ kí ẹ lè tajà rárá.

Oníṣòwò Bódìjà

Mo ti gbọ́. Ti inú Chrome náà ti dé lónìí. Àkọsílẹ̀ ọjà wà nínú tábìlì, mo ń fi ọfà lọ sísàlẹ̀, àmọ́ n kò mọ èyí tó jẹ́ iye tó kù àti èyí tó jẹ́ iye tí mo tà.

Àgbà NVDA

Ẹ tẹ T kí ẹ fi dé orí tábìlì náà. Tí NVDA kò bá pè é ní tábìlì rárá, àwòrán tábìlì lásán ni wọ́n yà, ẹ kọ ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá pè é, ẹ di Ctrl àti Alt mú kí ẹ máa fi ọfà rìn. Bí ẹ bá lọ sí ọ̀tún, ó yẹ kí ẹ gbọ́ orúkọ òpó kí ẹ tó gbọ́ nọ́ńbà: “Iye tó kù, 14.” Bó bá jẹ́ “14” nìkan ló sọ, wọn kò fi th (kóòdù àkọlé òpó) sí orí òpó, td (kóòdù àpótí lásán) ni wọ́n lò. Ẹ kọ ọ́ báyẹn gẹ́lẹ́, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tún tẹ Insert+F7 kí ẹ gbọ́ bóyá àkọlé wà lójú ewé náà tàbí kò sí. Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, torí tábìlì àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n máa ṣe àdàkọ rẹ̀ sí gbogbo ojú ewé tó kù.